Bí Wáìfáì Òkè-Agbọ̀n Ṣe Dé Pálọ̀ Họ́nọ́rébù

Ẹni tó bá fẹ́ kí Họ́nọ́rébù Ṣóbọ̀wálé ní kíkún, kí onítọ̀hún yáa jẹun yó kó tó kúrò nílé. Orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́ kò ju Adésọjí lọ, orúkọ tó dára, tó sì rọrùn láti pè láti ìta. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ààbò àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìgbàlódé fún Ìgbìmọ̀ Ìtẹ̀síwájú Àwọn Abúlé, ẹni tó bá pè é ní Adésọjí lásán ti di ọ̀tá ìlọsíwájú. Họ́nọ́rébù lẹ ó kọ́kọ́ pè, ẹ ó pe Ẹnjiníà tẹ̀ lé e, ẹ ó pe Dókítà, ẹ ó wá mí díẹ̀, kí ẹ tó dé orí Ṣóbọ̀wálé. Ẹ má bi mí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti gba Dókítà. Èmi náà béèrè, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Ìpẹ̀rú nilé rẹ̀ wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kùn ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n, kí ẹni tó ń kọjá má baà ṣèèṣì má rí i. Láràárọ̀ ni pálọ̀ rẹ̀ máa ń kún. Àwọn kan ń wá iṣẹ́, àwọn kan ń wá kọ́ńtíráàtì, àwọn mìíràn ò wá ju tíì àti búrẹ́dì lọ, wọn ò sì fi bò. Bí Họ́nọ́rébù bá sín, gbogbo wọn á dìde. Lọ́jọ́ kan ó wúkọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fikáyọ̀ sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọgbọ́n ló pọ̀ nínú wọn, ó ń wá ọ̀nà jáde." Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fikáyọ̀ ti di akọ̀wé àdáni, wọ́n ti kó fóònù Họ́nọ́rébù lé e lọ́wọ́, torí ẹni ńlá kì í fi ìka ara rẹ̀ tẹ fóònù.

Nígbà tó yá, Ìgbìmọ̀ rán Họ́nọ́rébù lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àbújá, lórí bí àwọn ọlọ́pàá ayé òde òní ṣe ń fi wáìfáì tọpasẹ̀ ọ̀daràn. Ọlọ́jọ́ méjì ni. Lọ́jọ́ kìíní, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó ya fọ́tò. Láàárín oorun àti fọ́tò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ́ sí i létí: pé fóònù tó bá ti wọ wáìfáì ibì kan rí kì í gbàgbé rẹ̀, bó bá tún pàdé rẹ̀, á wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Olùkọ́ náà ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ o. Ó ní ẹ̀rí yìí nìkan kò tó láti fi ti ènìyàn mọ́lé, pé ó yẹ ká béèrè ẹni mélòó ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, ká béèrè ìgbà tí fóònù wọlé, ká sì béèrè ohun tó gbé ènìyàn débẹ̀. Ibi tó dé nìyẹn tí wọ́n gbé ìrẹsì wọlé, Họ́nọ́rébù ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó dé, ó pe àpérò. Ó wọ agbádá tó ṣe pé ẹni méjì ló ń bá a gbé etí rẹ̀, ó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì wúkọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "láti òní lọ, olè jíjà ti kú ní gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ mi. Olè lè parọ́. Ẹlẹ́rìí lè parọ́. Àlùfáà pàápàá lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n wáìfáì kì í parọ́, wáìfáì kì í rìn. Ibi tí ẹ bá ti rí wáìfáì, ibẹ̀ ni àpótí rẹ̀ wà. Ẹni tí wáìfáì bá sì mọ̀, ẹni náà ti débẹ̀, kò gbọdọ̀ jiyàn. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyí. Mo rà á wá fún yín láti Àbújá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọwọ́ sókè láti béèrè ìbéèrè, Fikáyọ̀ sì yọ́ lọ bá a, ó ní ìgbà ìbéèrè ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Họ́nọ́rébù sílẹ̀ sórí pèpéle rẹ̀ díẹ̀, ká lọ sí Òkè-Agbọ̀n. Abúlé kan ni, Akaka lẹ ó gbà kọjá kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀gẹ́, epo pupa àti obì niṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ilé ìlera kékeré kan, tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kan gbé sólà àti bátìrì fún, kí oògùn àjẹsára àwọn ọmọ má baà bàjẹ́ nínú fíríìjì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ni wọ́n to bátìrì náà sí, àti àpótí wáìfáì kékeré kan tó ní síìmù tirẹ̀ nínú, tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kan náà ń bá wọn sanwó rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ, ibẹ̀ ni wáìfáì rẹ̀ á ti máa ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Adébùkọ́lá, tó jẹ́ olórí ibẹ̀, fún gbogbo aláboyún ní páásíwọ́ọ̀dù, nítorí orí Wọ́sáàpù ló ti ń rán wọn létí ọjọ́ àyẹ̀wò. Ó fún Fàtáì ọlọ́kadà náà, torí Fàtáì ló ń gbé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú wá láti oko, ó sì máa ń rọra gùn ún bí ẹni gbé ẹyin. Láti ìgbà náà, kò sí aláboyún kan ní Òkè-Agbọ̀n tó tún fowó ra dátà. Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á kọrin àyẹ̀wò wọn tán, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa wo fídíò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, kò bá kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gbé e lọ tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Oògùn àjẹsára ti gbóná, kò sì sí ohun tó kù ju kí wọ́n dà á nù lọ. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ jòjòló dání rí mọ ìdí rẹ̀.

Họ́nọ́rébù gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Mo mọ ohun tí mo sọ. Ó ti ń dúró de olè láti ọjọ́ tó ti dé láti Àbújá, olè kan ò sì jà. Mọ́tò rẹ̀, tí ti ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, han wọ Òkè-Agbọ̀n pẹ̀lú fèrè bí ẹni pé ilé ń jó, àwọn ewúrẹ́ fọ́nká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wo àyè tí kọ́bọ́ọ̀dù ti kúrò.

"Ta ló ń lo wáìfáì ibí?" ló béèrè.

"Gbogbo wa ni, sà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Mi ò bi yín ní gbogbo yín. Olè kì í jẹ́ gbogbo yín, ẹnì kan ni olè máa ń jẹ́."

Ara Fikáyọ̀ yá ju ti gbogbo ènìyàn lọ lọ́jọ́ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Fàtáì tó fara ti ọ̀kadà rẹ̀, ó sì gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣẹ́jú. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. "Ó wà níbí, sà," ló wí. "Ìlera Òkè-Agbọ̀n. Fóònù yìí mọ wáìfáì náà dáadáa."

Họ́nọ́rébù gbé fóònù náà sókè kí gbogbo abúlé lè rí i. "Fóònù ọlọ́kadà. Kí ni wáìfáì aláboyún ń wá nínú fóònù ọlọ́kadà? Àbí ọ̀kadà ló lóyún?"

Àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi di igi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Fàtáì wí, "nọ́ọ̀sì ló fún mi. Mi ò mọ ẹni tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo àwọn ìyá tó wà níbí yìí ló ní in nínú fóònù wọn."

"Ó ti jẹ́wọ́," ni Họ́nọ́rébù wí.

"Sà, kò jẹ́wọ́ kankan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ gba fóònù tèmi náà kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yẹ ti àwọn ìyá wò."

"Nọ́ọ̀sì, aláboyún kì í gbé bátìrì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu da ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rú."

Bàbá Lìádì, àgbẹ̀ olóbì kan tó dàgbà jù lábúlé, tẹ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn. "Ọmọ Ṣóbọ̀wálé," ló wí, "mé è mọ wáìfáì. Fàtáì ni mo mọ̀."

"Bàbá," ni Họ́nọ́rébù dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, "ayé ti kọjá ká mọ ènìyàn."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi Fàtáì sẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá, tí ọ̀kadà rẹ̀ náà sì lọ sí àgọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kareemat ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá obì tó ń ṣà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rántí gbé e kalẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ fún yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo ojú Họ́nọ́rébù bó ṣe ń dán. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, bí Họ́nọ́rébù àti ará ilé rẹ̀ ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Fikáyọ̀ ní kí wọ́n gbé ẹrù ńlá kan wọlé, tí wọ́n fi tapólì wé. Ó ní àwọn olólùfẹ́ Họ́nọ́rébù ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí iná má baà tún lọ nílé ẹni tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ Rẹ́mọ. Ó ní àwọn olólùfẹ́ náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ wọn. Fikáyọ̀ mọ ẹni tí òun ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun bi onítọ̀hún léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Họ́nọ́rébù náà béèrè. Ó ní, "Ṣé ó tóbi ju ti Alága Ìgbìmọ̀ wa lọ?" Wọ́n ní ó tóbi jù ú lọ dáadáa. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn pálọ̀, oníṣẹ́ iná so wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì ta kọ́tìnì pupa bò ó. Láti ọjọ́ náà, NẸ́PÀ lè lọ kó má padà, fáànù Họ́nọ́rébù ò dúró.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ṣìkẹ́mi ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ fífi ara balẹ̀ ka nǹkan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Fàtáì, wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tó gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Túnbọ̀, ẹ wo orúkọ tó ń yọ níbí, lábẹ́ wáìfáì tiwa. Ìlera Òkè-Agbọ̀n. Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n jí ni?"

Nǹkan kékeré kan gún Họ́nọ́rébù láyà. Ó rántí tapólì, ó rántí kọ́tìnì pupa. Ó mú òkèlè ńlá kan, ó fi tẹ nǹkan náà mọ́lẹ̀, ó gbé e mì, nígbà tí yóò sì fi mu omi tẹ̀ lé e, ó ti rí àlàyé.

"Ìyá Túnbọ̀," ló wí, "ẹ ò lè mọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Agbára wáìfáì tèmi ló pọ̀. Ó ń fa àwọn kéékèèké mọ́ra. Àwọn wáìfáì abúlé gbọ́ pé mo wà níbí ni, wọ́n wá kí mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní wáìfáì kì í rìn."

"Ti àwọn mẹ̀kúnnù ni kì í rìn," ni Họ́nọ́rébù wí, ó sì ní kí wọ́n bu ẹran kún ọbẹ̀ òun. Ṣìkẹ́mi gbé fóònù rẹ̀ kúrò. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọkọ òun jiyàn ń fi itọ́ ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìnsípẹ́kítọ̀ Akínbọ́lá ò fẹ́ràn ẹjọ́ náà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ ojú olè. Ó gbé àga fún Kareemat, ó ní, "Ìyàwó, Họ́nọ́rébù ló fi ẹ̀sùn kan ọkọ ẹ. Bí wọ́n bá fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ṣe mọ́, mo máa tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kọ́ọ̀tù ni. Bí adájọ́ bá sì ti ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lẹ̀, mi ò mọ ọdún tí ẹjọ́ á parí." Kareemat wo ikùn rẹ̀. Ó rí i pé ọmọ yìí á dé, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, á rìn, bóyá á tilẹ̀ sọ̀rọ̀, kí bàbá rẹ̀ tó rí i.

Ó padà sílé, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò. Ẹ mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá lọ bẹ ẹni ńlá nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í mú ẹ̀bẹ̀ wúwo. Raqeebah, tó lẹ́nu jù nínú wọn, ní àwọn á jọ lọ, gbogbo àwọn olóyún Òkè-Agbọ̀n, pé ọkùnrin tí kò bá lójú àánú fún ikùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹranko ni.

Nígbà tí Họ́nọ́rébù gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó yọ̀. Ó ní kí wọ́n má wá lọ́jọ́ lásán o, kí wọ́n wá ní Sátidé, lọ́jọ́ tí òun fẹ́ fi àṣeyọrí òun han àwọn oníròyìn, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè bọ́ sójú kámẹ́rà. Fikáyọ̀ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ṣe é. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sunkún díẹ̀, Họ́nọ́rébù á ní rárá, wọ́n á tún sunkún. Kareemat béèrè pé lẹ́yìn ẹkún kejì ńkọ́, ṣé wọ́n á wá gbà. Fikáyọ̀ ní, "Ẹ kọ́kọ́ sun ún ná." Bẹ́ẹ̀, ó ti kọ ìdáhùn Họ́nọ́rébù sílẹ̀ ṣáájú, ìdáhùn náà sì ni rárá.

Sátidé pé. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí Fésíbúùkù bó ṣe ń lọ. Wọ́n fi Ìnsípẹ́kítọ̀ Akínbọ́lá sí iwájú, torí Họ́nọ́rébù fẹ́ fún un ní àwo ìdánilọ́lá fún bí ó ṣe bá òun fi ọ̀daràn sí àhámọ́. Àwọn aláboyún wọlé, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n kúnlẹ̀ bó ti ṣe é ṣe fún oníkálukú. Kareemat wà níwájú.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a máa sọ, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé. Ọkọ mi ò jalè. Ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ dá bímọ."

Àwọn kan nínú pálọ̀ náà wolẹ̀. Họ́nọ́rébù dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó yàgò fún Kareemat kó má baà bo òun.

"Ìdájọ́ òdodo," ló bẹ̀rẹ̀, "kò mọ omijé. Èmi náà ní àánú, àánú mi pọ̀, ẹni tó bá sún mọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gba ipò yìí, mo kó àánú mi fún ìyàwó mi kó bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ibi tó dé nìyẹn tí fóònù kan dún nínú ìró ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn dún. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo fóònù àwọn olóyún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára wọn, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti rán sí wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ń ya wọlé pọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ohùn Nọ́ọ̀sì Adébùkọ́lá sì jáde ketekete láti abẹ́ ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ yín o."

"Kí ló ń dún?" ni Họ́nọ́rébù béèrè.

"Dátà ló wọlé, sà," ni Raqeebah dáhùn, inú rẹ̀ dùn, kò rò ó jìnnà. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jí tiwa, ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí nìyí."

Ká ní Họ́nọ́rébù dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ á kọjá. Ṣùgbọ́n ó rí ìyìn níbẹ̀, kò sì sí ìyìn tó ń bọ́ sílẹ̀ tí kì í tẹ̀ mú. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀ ń wò ó? Àwọn tó wá bẹ̀ mí ń jẹ nínú wáìfáì mi. Ọwọ́ kan ni mo fi ń dájọ́, ọwọ́ kejì ni mo fi ń ṣàánú. Kí àwọn oníròyìn kọ ọ́ sílẹ̀: gbogbo wáìfáì tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, èmi Ṣóbọ̀wálé ni mo ni ín. Kò sí ti ẹlòmíràn níbí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Ìnsípẹ́kítọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé ìgò mínírà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Họ́nọ́rébù, ẹ forí jì mí. Ta ló fún àwọn ìyá yìí ní páásíwọ́ọ̀dù ilé yìí?"

Fikáyọ̀ ń wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Ìyàwó," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí fún Kareemat, "bá mi ka orúkọ ohun tí fóònù ẹ wọ̀."

Kareemat yọ fóònù rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan nínú, ó wò ó dáadáa, ó wá kà á síta. "Ìlera Òkè-Agbọ̀n ni, sà."

Họ́nọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àwọn wáìfáì kéékèèké máa ń wá kí ti òun, pé ọ̀wọ̀ ni.

"Ẹ ní kì í rìn, sà," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Mo wà níbi àpérò yín. Èmi náà pàtẹ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Họ́nọ́rébù. Ó ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ òun ní ohun tí òun lọ kọ́ ní Àbújá. Ó gba fóònù Kareemat lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí oníkámẹ́rà máa tẹ̀ lé òun, ó ní bí wáìfáì bá ti inú ilé wá, àmì rẹ̀ á máa lágbára sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ àpótí rẹ̀, pé òun á fi han gbogbo ayé pé ìta ló ti ń wá. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Àmì náà dínkù. Ó padà sí àárín pálọ̀, ó pọ̀ sí i. Ó dé iwájú kọ́tìnì pupa, ó kún.

"Sà, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ síta, afẹ́fẹ́ wà níta," ni Fikáyọ̀ wí.

Họ́nọ́rébù ti mọ̀ nígbà náà. Ohun tó gún un láyà lọ́jọ́sí padà wá, kò sì sí òkèlè nítòsí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì padà sẹ́yìn lójú kámẹ́rà rí láyé rẹ̀. Ó fa kọ́tìnì.

Kọ́bọ́ọ̀dù irin náà dúró síbẹ̀. Àwòrán ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára ṣì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ má ṣí i, oògùn àwọn ọmọ wa ló ń mú tutù.

"Kọ́bọ́ọ̀dù wa rèé," ni Raqeebah wí.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Họ́nọ́rébù yíjú sí kámẹ́rà, ó sì wí pé, "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí fún yín, mo ti rí ẹrù náà." Ẹnì kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, ó rí i pé òun nìkan ni, ó fi ọwọ́ sápò. Ìyókù ti ń wá bàtà wọn. Ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì níbẹ̀ láràárọ̀ sọ fún oníròyìn pé ọ̀nà ló ṣì òun wọlé. Wọ́n wá Fikáyọ̀ títí, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣìkẹ́mi gbé àga fún Kareemat, ó sì bá a mú omi wá. Kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ rárá.

Ní àgọ́ tí Ìnsípẹ́kítọ̀ mú un lọ, Họ́nọ́rébù sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó ní òun máa pe Alága. Wọ́n fún un ní fóònù rẹ̀ tí Fikáyọ̀ jù sílẹ̀, ó sì mú un lọ́wọ́ lásán, torí kò mọ ibi tí nọ́ńbà Alága wà nínú rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé ìwé síwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i pé òun ò fi ẹ̀sùn kan Fàtáì mọ́. Ó fọwọ́ sí i. Wọ́n bọ́ aago àti bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí àhámọ́, níbi tí Fàtáì ṣì wà tó ń dúró kí wọ́n wá ṣí i fún òun.

Họ́nọ́rébù wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó sún sí igun kan.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, sà," ni Fàtáì wí. "Òjò máa ń jò síbẹ̀. Ibí yìí ló gbẹ." Ó dìde, ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Họ́nọ́rébù jókòó síbẹ̀. Nígbà tó la ẹnu, ohùn tó jáde kì í ṣe ti orí pèpéle.

"Fàtáì, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e. Wọ́n kàn gbé e wá bá mi ni. Ìwọ ti sùn níbí, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bí mo bá sọ fún wọn báyẹn, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́?"

Fàtáì rò ó. Kò fi ṣẹ̀sín, kò sì fẹ́ parọ́ fún un.

"Mi ò mọ̀, sà," ló wí. "Èmi ò rí ẹni gbà mí gbọ́."

Ọlọ́pàá ṣílẹ̀kùn. Kareemat wà ní ìta, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì ti ní kí Bàbá Lìádì lọ wá ọkọ̀ tí kì í gbọ̀n. Fàtáì wọ bàtà rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó sì lọ bá a.